Ìfúnpá Kì Í Wá Omi, Àlàfo Ló Ń Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tó ráyè yà wọlé sọ nìyí, lọ́sàn-án Sátidé kan ní Ìbàdàn. Mo ti tún un kọ, mo sì ti yọ àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti dá mi dúró.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, àga ṣì kù lẹ́yìn, ẹ wọlé kí ẹ jókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n po nǹkan kan lójú yín. Ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀rá yìí, POP ni, èyí tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń lò. Mo dà á sínú abọ́ yìí. Mo ya ẹnu púrẹ́wọ́tà, mo bu omi díẹ̀ lé e. Ṣíbí tí mo fi ń rò ó yìí, ọwọ́ màmá oníráìsì tó wà lẹ́nu géètì ni mo ti yá a. Ẹ wò ó, ó ti dà bí ògì. Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Gbogbo wa la ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrì. Ẹ dé Mọ́níyà láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, tí wọ́n fi pákó lé e lórí, tí wọ́n wá fi jáàkì ọkọ̀ ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀, á gba ojú ilẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí i, omi púpọ̀ sí i á jáde. Nítorí ẹ, tẹ́nì kan bá sọ fún wa pé òkúta kan ní omi nínú, tí wọ́n sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́, ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé omi á tú jáde lára rẹ̀.

Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí omi inú gypsum tí ìfúnpá bá pọ̀ lórí rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé kan àbọ̀, mo ya àwòrán, mo tún fi ọfà pupa tọ́ka síbi tí omi máa gbà jáde. Olùkọ́ wa kò bá mi fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó fi bírò kọ ọ̀rọ̀ méjì sábẹ́ rẹ̀: “Gààrì kọ́.” Òdo ni mo gbà níbẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, gbogbo ohun tí mo sì wá ṣe lónìí ni kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Omi inú ẹ̀gẹ́, àlejò ni. Ó wà nínú ihò, ó wà láàárín ẹ̀rún kan sí èkejì, ó kàn ń wá ọ̀nà ni. Omi inú àwọn òkúta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àlejò, ara ilé ni. Ẹ wo gypsum, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe POP, tí wọ́n tún ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì kó má bàa tètè dì. Tí ẹ bá gbé kílò márùn-ún rẹ̀ dání, omi tó kún púrẹ́wọ́tà méjì ló wà nínú ohun tí ẹ gbé yẹn, òkúta náà á sì gbẹ táútáú lọ́wọ́ yín. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni omi. Omi náà tò sí ipò rẹ̀ láàárín calcium àti sulphate, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Tí ẹ bá mú un kúrò, òkúta náà kì í ṣe gypsum mọ́.

Nínú àwọn mìíràn, ẹ ò tiẹ̀ ní rí omi gẹ́gẹ́ bí omi. Ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan ló so mọ́ra, tí wọ́n jókòó sára òkúta náà. Ìgbà tí iná bá mú un ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á tó wá ẹnì kejì tí wọ́n á jọ di omi. Báyìí ni talc rí, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe páúdà. Báyìí ni kaolin, amọ̀ funfun, rí. Máíkà náà ńkọ́, èyí tó ń dán yinrinyinrin nínú iyanrìn lẹ́yìn òjò? Bákan náà ni. Máíkà kò ní púpọ̀, nǹkan bí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kaolin ní 14. Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní brucite, tí tirẹ̀ tó 31.

Láàárọ̀ yìí, mo fi gypsum lílọ̀ sínú agolo mílíìkì, mo gbé e ka sítóòfù, mo fi àwo tútù bò ó. Kò pẹ́, abẹ́ àwo náà ti ń làágùn. Mo fi ìka nù ún, mo fi kan ahọ́n: omi ni, kò ní adùn kankan. Ohun tó kù nínú agolo ti ń di POP. Ní nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi rẹ̀ máa ń lọ. Kì í ṣe jáàkì ló gba omi yẹn, iná ni.

Kí wá ni jáàkì ń ṣe? Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa wọn ìfúnpá. Ọ̀rọ̀ yìí, ilé ìwòsàn la ti sábà máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ni, pẹ̀lú bí ibi tó gbé ara lé ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tí obìnrin oníbàtà gogoro ti tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí lóde ìnáwó mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan náà ì bá wọ sálúbàtà, a ò ní pariwo. Tirela tó kó àpò sìmẹ́ǹtì 600, tọ́ọ̀nù 30 ló gbé. Ẹ fojú inú wò ó pé gbogbo ẹrù yẹn dúró sórí èékánná yín kan ṣoṣo. Ìfúnpá orí èékánná yẹn tó nǹkan bí gigapascal mẹ́ta, ìyẹn ìlọ́po 30,000 ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká nínú yàrá yìí. Mi ò ní fi gigapascal da yín láàmú. Tirela la ó máa fi kà á.

Tẹ́nì kan bá gbẹ́ kànga tó jìn tó Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí 100 kìlómítà, tirela kan ló máa bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 660 kìlómítà, ó ti ń sún mọ́ mẹ́jọ. Ní àárín gbùngbùn ayé, ó lé ní 120. Gbogbo rẹ̀ lórí èékánná kan.

Báwo làwọn èèyàn ṣe ń rí irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ láì wọ inú ilẹ̀ lọ? Baba ìsàlẹ̀ iṣẹ́ yìí ni Percy Bridgman ti Yunifásítì Harvard, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1946. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò kan òkúta rárá. Ní 1914, ó fi funfun ẹyin sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láì dáná, funfun ẹyin náà sì dì gbagidi bí ẹyin sísè. Ìfúnpá tó lò kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin tirela wa lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn kan nílé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sọ́rọ̀ òṣùwọ̀n wá ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: dáyámọ́ńdì méjì, ṣóńṣó sí ṣóńṣó, pẹ̀lú ẹ̀rún òkúta láàárín wọn. Níbo lòṣìṣẹ́ ìjọba ti rí dáyámọ́ńdì? Èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n kó fún wọn. Nítorí pé ṣóńṣó dáyámọ́ńdì náà kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán yí ìdè ẹ̀rọ náà, tirela á máa gun orí ara wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju kí ẹ dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ yín. Ohun tó tún wá dáa níbẹ̀ ni pé dáyámọ́ńdì mọ́ gaara bíi gíláàsì: ẹ lè wo ohun tí ẹ ń tẹ̀. X-ray náà ń gbà á kọjá, òun ló ń sọ bí átọ̀mù kan ṣe jìnnà sí èkejì. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rún rúbì ka ìfúnpá náà. Wọ́n á fi rúbì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, wọ́n á tan iná sí i, á tan pupa. Bí ìfúnpá bá ṣe ń ròkè, bẹ́ẹ̀ ni pupa náà á máa yí.

Ó yá, ẹ bá mi wo èyí. Máíkà ni. Etí Odò Ọ̀nà ni mo ti ṣà á. Ẹ wo bí mo ṣe ń fi èékánná ya á: ewé kan nìyí, ó tinrin, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Mo tún ya òmíràn. Mo lè máa ya á títí ilẹ̀ máa fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ fà á ya ní ìbú báyìí, ó ń bá mi jà. Èyí sọ fún wa pé ìdè inú ewé kọ̀ọ̀kan le koko, èyí tó so ewé kan mọ́ èkejì kò tó nǹkan.

Ẹ wá ronú nípa ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì. Tẹ́nì kan bá to pákó kan, fóòmù kan, pákó kan, fóòmù kan, títí ó fi ga dé àyà, tí ọkùnrin sísanra kan bá gun un, kí ló máa rọlẹ̀? Fóòmù ni. Pákó kò ní mọ̀ pé ẹnì kankan wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn òkúta aléwé yìí nìyẹn. Láti òkè sísàlẹ̀, wọ́n ń fún pọ̀ kíákíá. Láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọn kì í fẹ́ gbà. Nínú brucite, ní ìbẹ̀rẹ̀, ti òkè sísàlẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Àmọ́ fóòmù ní ibi tó lè fún pọ̀ mọ. Tí ọkùnrin kejì bá gun un, tí ẹ̀kẹta bá gun un, ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí á máa kéré sí i, nítorí pé fóòmù náà ti ń di pákó. Bí ìfúnpá bá ṣe ń pọ̀ náà ni òkúta aléwé ṣe ń le sí i, títí òkè àti ẹ̀gbẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fún pọ̀ bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí brucite yìí, torí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ háídírójìn ti dùn jù. Ewé magnesium ni, ọ́síjìn bò ó lókè bò ó nísàlẹ̀, háídírójìn sì na orí jáde lára ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sínú àlàfo. Ti ewé òkè na orí wá sísàlẹ̀, ti ewé ìsàlẹ̀ na orí lọ sókè. Tí àlàfo bá wá dín kù, orí á fẹ́ máa kan orí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ máíkírà láti Ọjọ́ọ̀ sí Dùgbẹ̀ rí, tí èrò jẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ mọ ohun tí à ń ṣe: ẹnì kan á sún síwájú, ẹnì kejì á fẹ̀yìn ti àga, èjìká ò ní kan èjìká tààrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni háídírójìn ń ṣe. Wọ́n á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, èyí á yà sọ́tùn-ún, ìyẹn á yà sósì. Kò sí èyí tó bọ́ọ́lẹ̀. Omi kankan kò jáde.

Ẹ wá yọ omi kúrò nínú brucite, ẹ jẹ́ kó ku magnesium àti ọ́síjìn nìkan. Òkúta tó máa kù yẹn, agbára tí ẹ ó fi fún un pọ̀ á tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á sọ pé, “Àháà, omi ló ń mú òkúta rọ̀.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ pàápàá. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ẹ wo ẹ̀yìn òde. Òkè Mapó, Òkè Àrẹ̀mọ, ibi tí òkè Ìbàdàn ti ga, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ quartzite, ìyẹn òkúta tó kún fún quartz. Quartz ń ha gíláàsì, ó ń ha ọ̀bẹ. Ní ti omi, kò ní nǹkan kan. Talc ẹ̀wẹ̀, èékánná ń ha á. Òkúta tí talc pọ̀ nínú rẹ̀ làwọn àgbà ayé àtijọ́ fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ̀, tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀ ní 1945, èyí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Tí mo bá ní kí ẹ mú èyí tó máa fún pọ̀ jù nínú quartz àti máíkà tí mo ń fi èékánná ya yìí, gbogbo yín lẹ máa ní máíkà. Irọ́ ni o. Quartz ló máa ń fún pọ̀ jù.

Kí ló fà á? Inú quartz dà bí ilé tí wọ́n fi ọ̀pá kọ́, gbogbo ìgun ilé náà lè tẹ̀ láì kán, àyè sì pọ̀ láàárín rẹ̀. Ìfúnpá rí àlàfo, ó wọlé síbẹ̀. Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí: ìfúnpá kì í wá omi kiri, àlàfo ló ń wá. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí omi bá jókòó sí nínú òkúta, àlàfo sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀.

Èyí tó máa yà yín lẹ́nu jù ni ti kaolin. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Yunifásítì Yonsei ní Gúúsù Kòríà ṣáájú wọn, fi kaolin àti omi sáàárín dáyámọ́ńdì méjì, wọ́n mú un gbóná dé 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń fún pọ̀, ó ń fún pọ̀, bó ṣe yẹ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó pé tirela kan, amọ̀ náà ya ewé rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé omi mì sáàárín wọn, ó sì wú. Ó fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe wà kó tó mu omi náà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wú. Ó dà bí ẹni pé ẹ gbé àpò ẹ̀gẹ́ sábẹ́ jáàkì ní Mọ́níyà, àpò náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi tó ti ṣàn sílẹ̀ padà sínú.

Kì í ṣe idán. Tí ẹ bá ka àpapọ̀ àyè tí amọ̀ àti omi gbà nígbà tí olúkúlùkù wọn dá dúró, tí ẹ sì wá ka èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí amọ̀ ti mu omi tán, èkejì ló kéré. Ìfúnpá rí ohun tó ń wá.

Ìwúlò gbogbo èyí wà nísàlẹ̀ òkun. Ní àwọn ibi bíi Japan, ilẹ̀ òkun ń rì sábẹ́ ilẹ̀ mìíràn díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan lọ́dún, ó sì ń gbé amọ̀ àti àwọn òkúta olómi lọ sísàlẹ̀. Tí ìfúnpá bá ń fún omi jáde bíi ti gààrì ni, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo omi yẹn ì bá ti tú dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bá òkúta lọ títí ooru á fi mú un. Níbẹ̀ ló ti ń jáde, tó ń mú kí òkúta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀ tètè yọ́, tí òkè oníná fi ń bú gbàù lókè. Èyí tí ooru kò bá mú tán, ó tún ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ.

Títí dé ibo? Ní 2014, Graham Pearson ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nínú dáyámọ́ńdì kan láti Juína, ní Brazil. Dáyámọ́ńdì yẹn rí bàìbàì, kò sí oníṣòwò tó máa nawọ́ sí i. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rún òkúta kan wà tí ojú lásán kò lè rí, ringwoodite lorúkọ rẹ̀. Ringwoodite kì í dàgbà lókè. Ìjìnlẹ̀ tó lé ní 500 kìlómítà ló ti wá. Omi inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Àwọn oníròyìn wá pariwo pé òkun kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ìgbì, kò sí ẹja. Òkúta líle ni, tí omi jẹ́ ara ilé nínú rẹ̀. Lóòótọ́, tí gbogbo àgbègbè ìsàlẹ̀ tí ringwoodite ti ń wá yẹn bá ní omi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, á ju gbogbo òkun orí ilẹ̀ ayé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún gbogbo àgbègbè.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Bàbá kan béèrè bóyá omi yìí ni bọ́họ̀lù ń fà ní àdúgbò òun ní Apẹ̀tẹ́, torí tiwọn ti gbẹ. Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Omi bọ́họ̀lù Ìbàdàn, omi òjò tó wọ ilẹ̀ ni, inú òkúta tó ti jẹrà àti inú sáńsán òkúta ló ń gbé. Àlejò ni tiyín, sà. Tó bá ti gbẹ, ẹ mú ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ wá kó wo bóyá wọ́n gbẹ́ ẹ dé ibi tí òkúta ti sán.

Ọmọbìnrin kan ní SS2 béèrè pé, ṣé òkun kò ní tán báyìí tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ń gbé e mì. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní òkè oníná ń dá a padà, bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iye kan náà ní gbogbo ìgbà. Kó má mikàn, òkun kò ní tán lójú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe àjà POP fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní àwọn máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ tó bá ń dì, àwọn ò kàn mọ ìdí rẹ̀. Mo ní kó sún mọ́ abọ́ yẹn kó fọwọ́ bà á. Ó bà á, ó ní, “Ó gbóná.” Omi tí iná lé jáde tẹ́lẹ̀ ló padà sílé, ló ń dá ooru náà padà. Mo fẹ́ fa ṣíbí yọ kí n fi han àwọn tó wà lẹ́yìn. Kò yọ. Mo dojú abọ́ dé, mo gbá a nídìí, gypsum jáde wá ní odidi, ti òun ti ṣíbí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan bá mi pe màmá oníráìsì, kí n mọ iye tí wọ́n ra ṣíbí wọn.